Ìyípadà Ẹ̀yà Fáìlì Ìwé Orí Ẹ̀rọ àti Ọ̀ràn Àmì Nínú Àkọsílẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí a ṣe ń yí ìwé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà padà láti ẹ̀yà fáìlì kan sí òmíràn, kí a lè gbé e sórí ẹ̀rọ ìkàwé alágbèéká bíi Kindle tàbí Kobo, kí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà má sì sọnù lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti ka ìwé Yorùbá lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí i pé nǹkan kì í sábà lọ déédéé. Ní ojú-ìwé kan, àpótí òfìfo ni a óò bá níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà wà. Ní òmíràn, àmì ohùn yóò ti yẹ̀ kúrò lórí fáwẹ́lì tí ó ni ín, yóò wá dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí àlejò tí a kò fún ní àga. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo àmì yóò ti pòórá pátápátá, tí òǹkàwé yóò fi máa méfò.

Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Èrò tiwa ni pé ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àmì ti lè bàjẹ́: nínú kóòdù tí a fi kọ lẹ́tà sílẹ̀, nínú fáìlì tí a fi ṣe orísun, àti nínú fọ́ǹtì tí ẹ̀rọ fi ń ya lẹ́tà sójú. Àbùkù ibi kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ tí ojú lè dá mọ̀, oògùn ọ̀kan kò sì wo èkejì sàn. Nítorí náà, iṣẹ́ ìyípadà fáìlì súnmọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀dà ìwé àtijọ́ kan wé òmíràn ju bí a ti ń rò lọ. Ó yẹ kí ẹ̀ka ìmọ̀ tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá kà á sí iṣẹ́ tirẹ̀, kí a má fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ àti ọkọ́.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a pààlà. Àwọn ìwé tí a ní ẹ̀tọ́ sí ni a ń sọ̀rọ̀ bá: iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tiwa fúnra wa, àkójọ ewì alohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì dà kọ, àti àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ àṣẹ-lórí wọn ti parí. Samuel Ajayi Crowther kú ní ọdún 1891. Kò sí ìdènà lórí àwọn ìwé tirẹ̀ mọ́. D. O. Fágúnwà kú ní ọdún 1963. Bí òfin àṣẹ-lórí Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì ti ka 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé rẹ̀ kò tíì parí. Òfin kan náà ló lòdì sí jíjá àgádágodo tí olùtẹ̀wé fi sára ìwé orí ẹ̀rọ. Nítorí náà, a kò ní í mẹ́nu bà á rárá.

2. Ohun tí ó wà nínú ìwé orí ẹ̀rọ

Ẹ̀yà fáìlì pọ̀, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ojú-ìwé rẹ̀ ti dúró gbọn-in. PDF, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí PDF ń kọ sílẹ̀ kì í ṣe gbólóhùn bí kò ṣe ipò: pé kí a ya àwòrán lẹ́tà báyìí sí ibi báyìí lójú tákàdá. Ó dára gan-an fún ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojú-ìwé tí a ṣe fún tákàdá ńlá sórí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́fà lọ, lẹ́tà á kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀, a kò sì lè sọ ọ́ di ńlá láìjẹ́ pé apá kan ìlà jáde kúrò lójú ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn bí omi, tí ó ń gba ìrísí ohun tí a bá dà á sí. EPUB ni olórí wọn. Àjọ IDPF fọwọ́ sí i ní ọdún 2007; ní ọdún 2017, àjọ náà dara pọ̀ mọ́ W3C, àjọ tí ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà EPUB 3.3 sì jáde ní ọdún 2023. Kò sí awo kankan nínú EPUB. Bí a bá yí ìparí orúkọ fáìlì náà padà láti .epub sí .zip, tí a sì ṣí i, a ó rí i pé àpò lásán ni. Nínú rẹ̀ ni a ó ti bá ojú-ìwé XHTML, tíí ṣe irú èyí tí a fi ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì CSS tí ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí lójú, àwọn àwòrán, fọ́ǹtì bí olùtẹ̀wé bá fi sí i, àti fáìlì OPF tí ó ń sọ orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, èdè tí a fi kọ ọ́ àti bí àwọn orí ṣe tẹ̀ léra. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí pé ohun tí a lè ṣí ni a lè yẹ̀ wò.

Ìtàn ẹ̀yà ti Kindle gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Mobipocket ní ilẹ̀ Faransé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ni ó ni fáìlì MOBI. Amazon ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2005, ó sì gbé Kindle jáde ní ọdún 2007. AZW3 tẹ̀ lé e ní ọdún 2011, KFX sì dé ní ọdún 2015. Ó ti di àṣà àwọn tí ń kọ́ni nípa nǹkan wọ̀nyí láti máa sọ pé ẹni tí ó bá ní Kindle gbọ́dọ̀ yí EPUB padà sí MOBI. Ìmọ̀ràn náà ti pẹ́ jù. Láti ọdún 2022 ni iṣẹ́ tí Amazon fi ń fi ìwé ránṣẹ́ sí Kindle ti ń gba EPUB, tí ó sì ti kẹ̀yìn sí MOBI. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi okùn USB gbé ìwé tirẹ̀ wọlé ni AZW3 ṣì wúlò fún.

3. Lẹ́tà Yorùbá gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Gbogbo ohun tí ó kù nínú bébà yìí dá lórí gbólóhùn yìí. ASCII, kóòdù tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, ní àyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí àkọtọ́ Yorùbá nílò lẹ́yìn ohun tí ó wà nínú ASCII. Fáwẹ́lì a, e, i, o, u ní ẹ̀dà olóhùn òkè àti ti olóhùn ìsàlẹ̀: mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ àti ọ ní ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, bí a bá ka ti ohùn àárín: mẹ́fà. Ṣ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn aránmúpè asesílébù, n àti m, ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: mẹ́rin. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 21. Bí a bá ka lẹ́tà ńlá mọ́ ọn, ó di 42. Kóòdù ISO 8859-1, tí ó jáde ní ọdún 1987 fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, ní 20 nínú wọn, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Ítálì pẹ̀lú ń fi àmì sórí fáwẹ́lì. Àwọn 22 tí ó kù kò sí nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ó mú kí Yorùbá jẹ́ Yorùbá lójú tákàdá, ẹ, ọ àti ṣ, wà lára àwọn tí kò sí.

Ohun tí àwọn tí ń tẹ ìwé Yorùbá ṣe nígbà náà ni pé wọ́n ń ṣe fọ́ǹtì àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n a mú àyè tí lẹ́tà kan tí Yorùbá kò lò wà, bí àpẹẹrẹ ß ti àwọn ará Jámánì, wọ́n a sì ya ọ̀ sí i. Lójú, ọ̀ ni a ń rí. Nínú kọ̀ǹpútà, ß ni. Bí fọ́ǹtì náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà. Bí a bá gbé fáìlì náà lọ síbi tí fọ́ǹtì náà kò sí, ìbòjú á ṣí. Kò sì sí àdéhùn láàrin àwọn tí ń ṣe fọ́ǹtì wọ̀nyí, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó jẹ́ ọ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan lè jẹ́ ẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni ó mú ìtura wá, nítorí pé ó fẹ́ fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà. Nínú àwọn 42 tí a kà lókè, 32 ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. Àwọn mẹ́wàá kò ní: ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́ àti m̀, àti àwọn lẹ́tà ńlá wọn. Ṣe ni a ń fi lẹ́tà àti àmì kọ wọ́n ní ìtẹ̀léra, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í kọ ọ́ sórí síléètì: yóò kọ lẹ́tà ná, yóò sì wá fi àmì sí i. Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. A lè kọ ọ (U+1ECD), kí a fi àmì ohùn òkè (U+0301) tẹ̀ lé e. A lè kọ o lásán, kí a fi àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀ lé e, kí àmì ohùn wá kẹ́yìn. A lè fi àmì ohùn ṣáájú àmì abẹ́. A sì tún lè kọ ó (U+00F3), kí a wá fi àmì abẹ́ kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà lójú, Unicode sì kà wọ́n sí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bá fi ara balẹ̀ ka ìlànà Unicode yóò máa wo nọ́ńbà nìkan. Òǹkàwé lè tẹ “ọkọ́” síbi ìwáǹkan, kí ẹ̀rọ sì sọ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó kún fún àgbẹ̀.

Ọ̀nà karùn-ún wà, òun ni ó sì burú jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ìlà kékeré tí ó dúró lóròó ni a ń fi sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-tó. Unicode ní nọ́ńbà fún ìyẹn pẹ̀lú, U+0329, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà sì ń lò ó. Lójú Unicode, e̩ àti ẹ kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Kò sí ìlànà tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan fúnra rẹ̀. Àwa ni a gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àwọn tí wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875 kò lè mọ̀ pé yóò di ọ̀ràn báyìí. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974 pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti ronú sí i, nítorí pé lójú òǹkàwé, àmì tó-tó àti ìlà òòró kò ju ọ̀ràn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí a tó ronú EPUB rárá, ni kí a sọ kóòdù gbogbo ìwé náà di ọ̀kan. Unicode ní ìlànà tí ó ń jẹ́ NFC tí ó ń sọ ọ̀nà mẹ́rin àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, unicodedata.normalize, ti tó láti ṣe é fún odidi ìwé. Fún ọ̀nà karùn-ún, kí a kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò U+0329 ní gbogbo ibi tí ó bá wà, kí a tó pe NFC. Bí a bá fi èyí tí ó kẹ́yìn ṣáájú, a ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ yìí pe àtúnṣe àkọtọ́. Ìwé àtijọ́ tí ó kọ “aiye” kọ “aiye”. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé láti ilẹ̀ Benin tí ó lo ɛ àti ɔ, tí ó sì kọ sh níbi tí a ń kọ ṣ, ní àkọtọ́ tirẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dà wọ́n kọ ní àkọtọ́ mìíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀dà tuntun ni òun ṣe. Ìyípadà fáìlì tí ó bá ń yí àkọtọ́ padà lábẹ́lẹ̀ ń ba ẹ̀rí jẹ́ fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìtàn èdè.

4. Mímọ àrùn kí a tó wá oògùn

Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú, àbùkù kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà “ẹsẹ̀” ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá rí □s□ tàbí ohun tí ó jọ ọ́, fọ́ǹtì ni kò ní lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣì pé. Kí a wá fọ́ǹtì tí ó dára, ó parí. Bí a bá rí ẹsẹ̀, nọ́ńbà ṣì pé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fi kóòdù Windows-1252 ka ohun tí a fi UTF-8 kọ. UTF-8 máa ń fi báìtì mẹ́ta kọ ẹ, ẹ̀rọ sì ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ kan fi di lẹ́tà mẹ́ta. Kí a sọ fún ẹ̀rọ pé UTF-8 ni, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Bí a bá rí ?s??, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹnìkan ti fi fáìlì náà pamọ́ sínú kóòdù tí kò ní lẹ́tà wọ̀nyí, àmì ìbéèrè sì ti rọ́pò wọn títí láé. Kò sí oògùn. Kí a padà lọ wá ẹ̀dà tí ó ṣáájú. Bí a bá rí lẹ́tà àjèjì tí ó ń tún ara rẹ̀ wí déédéé, tí ó jẹ́ pé ß ni ó wà ní gbogbo ibi tí ọ̀ yẹ kí ó wà, fọ́ǹtì àtijọ́ ni a lò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà là. Kí a mú ojú-ìwé kan tí a ní ẹ̀dà títẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, kí a fi wéra, kí a sì kọ tábìlì ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Fọ́ǹtì kan, tábìlì kan. Kí a ṣọ́ra fún àyọlò láti inú èdè Faransé tàbí Jámánì, nítorí pé ß ibẹ̀ lè jẹ́ ß lóòótọ́.

Èyí tí àmì ohùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì náà ní lẹ́tà, ó ní àmì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é kò sọ ibi tí àmì yóò dúró sí lórí ẹ. Àkíyèsí kan tún wà tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, ẹ àti ọ á dára lójú, ṣ nìkan ni yóò yàtọ̀, bí ẹni pé inú ìwé mìíràn ni a ti gé e wá. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará Vietnam pẹ̀lú ń lo ẹ àti ọ, àwọn tí ń ṣe fọ́ǹtì sì ń ro tiwọn mọ́ iṣẹ́. Vietnam kò lo ṣ. Nítorí náà, ẹ̀rọ á lọ yá ṣ láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ní gbogbo ohun tí Yorùbá nílò, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

5. Orísun, àti iṣẹ́ ìyípadà fúnra rẹ̀

Orísun tí ó dára jù ni fáìlì tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ̀, bíi DOCX, tí ó fi àmì hàn pé èyí ni àkọlé orí, èyí ni ìpínrọ̀. PDF ni orísun tí ó burú jù. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ipò lẹ́tà ni ó ń kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa méfò ibi tí ìpínrọ̀ ti parí. Àkọlé orí ojú-ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀ á já sí àárín gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tí a gé sí méjì ní òpin ìlà á sì wà ní gígé bẹ́ẹ̀. Bí PDF náà bá jẹ́ àwòrán ìwé títẹ̀, kò tilẹ̀ sí lẹ́tà nínú rẹ̀ rárá. A nílò ètò tí ń ka àwòrán sí lẹ́tà, bíi Tesseract, tí ó ní dátà fún Yorùbá. Kí ẹni tí yóò lò ó múra sílẹ̀ láti ka gbogbo ojú-ìwé pẹ̀lú ìwé gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ìdọ̀tí orí tákàdá àtijọ́ àti àmì abẹ́ lẹ́tà jọra púpọ̀ lójú ẹ̀rọ.

Ètò tí a mọ̀ jù fún ìyípadà ni calibre. Kovid Goyal ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006, nítorí ẹ̀rọ ìkàwé kan tí Sony ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Kò gba fáìlì DOC àtijọ́. Kí a kọ́kọ́ fi Word tàbí LibreOffice sọ ọ́ di DOCX. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ìwé sínú àkójọ calibre, a ó kọ orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé sí i, a ó sì sọ pé Yorùbá ni èdè rẹ̀. A ó wá tẹ ibi ìyípadà, a ó sì yan ẹ̀yà tí a fẹ́. Fún iṣẹ́ tiwa, àṣàyàn mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí calibre yóò gbé síwájú wa.

Èkíní ni kóòdù fáìlì tí ń wọlé. Bí orísun bá jẹ́ TXT, tí a kò sì sọ kóòdù rẹ̀, calibre yóò méfò. Kí a kọ utf-8 síbẹ̀. Èkejì ni fífi fọ́ǹtì sínú ìwé. Kí a yan ọ̀kan nínú àwọn tí a dárúkọ lókè, kí ó lè máa bá ìwé náà lọ síbikíbi tí ó bá lọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ sá fún. Calibre ní àṣàyàn kan tí ń sọ gbogbo lẹ́tà Unicode di ti ASCII. Wọ́n ṣe é fún àwọn ẹ̀rọ tí kò lè fi lẹ́tà àjèjì hàn, àwọn kan sì ti ń gbà á nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí oògùn àpótí òfìfo. Bí a bá yàn án, àpótí á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oko, òkò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á di “oko”. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkàwé lè máa fi ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká mọ ìtumọ̀. Nínú ẹsẹ Ifá tàbí ìjálá, níbi tí akéwì ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn ta ọ̀rọ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sí ohun tí ó kù mọ́ láti tú palẹ̀. A rò pé ìwé tí ó ní àpótí òfìfo sàn ju èyí lọ, nítorí pé àpótí ń sọ fún wa pé nǹkan kan sọnù. Ìwé tí a bọ́ láṣọ báyìí kò sọ nǹkan kan.

Bí a bá rí i pé orúkọ fáìlì lórí díìsìkì ti pàdánù àmì, kí a má fòyà. Calibre mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ fáìlì. Orúkọ tí a kọ sínú ìwé fúnra rẹ̀ ṣì wà bí a ṣe kọ ọ́.

6. Gbígbé ìwé sórí ẹ̀rọ

Kobo rọrùn. A ó fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á hàn bí díìsìkì, a ó sì da EPUB kọ sínú rẹ̀. Kindle ní ọ̀nà méjì. A lè fi okùn gbé AZW3 sínú fódà tí ó ń jẹ́ documents, tàbí kí a fi EPUB ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí sí àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tí Amazon fún ẹ̀rọ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Amazon fòpin sí gbígba ìwé tí a rà lọ́dọ̀ wọn sórí kọ̀ǹpútà kí a tó fi okùn gbé e lọ. Ìpinnu yẹn kò kan ìwé tiwa fúnra wa.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Amazon yóò tún yí fáìlì náà padà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí ojú-ìwé XHTML inú EPUB kò bá sọ kóòdù rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́, ètò wọn lè kà á bí kóòdù àtijọ́ ti Yúróòpù, kí ẹsẹ̀ sì tún di ẹsẹ̀. EPUB tí calibre bá ṣe máa ń sọ kóòdù rẹ̀. Èyí tí a ti ibòmíràn gbà ni kí a ṣí wò. Bí ó bá dé orí ẹ̀rọ tán tí lẹ́tà kò dára, kí a kọ́kọ́ wo bóyá fọ́ǹtì ti olùtẹ̀wé ni ẹ̀rọ ń lò tàbí tirẹ̀. Kobo àti Kindle ní fódà fonts tí a lè da fọ́ǹtì TTF tàbí OTF sí. Ti Kindle bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018.

Kí a fi kún un pé ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò gba iná àyàfi nígbà tí a bá ń ṣí ojú-ìwé, tí ó fi jẹ́ pé agbára tí a bá fi sí bátìrì lẹ́ẹ̀kan lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ibi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, èyí kì í ṣe ohun kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́.

7. Ìlà ewì àti nọ́ńbà ojú-ìwé

Ọ̀ràn méjì kù tí ó kan ìwádìí lítíréṣọ̀ ní tààrà. Èkíní ni ìlà ewì. Nínú ìwé tí ń ṣàn, bí òǹkàwé bá sọ lẹ́tà di ńlá, ìlà gígùn á ṣẹ́, apá tí ó ṣẹ́ á sì dà bí ìlà tuntun. Bí olóòtú bá ti ka ìlà ewì náà sí 120, òǹkàwé lè ka 150. CSS ní àtúnṣe rẹ̀: kí a jẹ́ kí ìlà ewì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí a sì pàṣẹ pé kí apá tí ó bá ṣẹ́ wọnú díẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ ìlà lọ. Òǹkàwé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìlà kan náà ni ó ń bá lọ. Ẹni tí ó bá fi àlàfo lásán to ewì nínú Word yóò rí i pé XHTML ka àlàfo mẹ́wàá sí ẹyọ kan, ìtò rẹ̀ á sì wó.

Èkejì ni ìtọ́kasí. Ìwé tí ń ṣàn kò ní ojú-ìwé tí ó dúró. Nọ́ńbà ipò tí Kindle ń fi hàn kì í ṣe ohun tí a lè kọ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, nítorí pé bí a bá tún yí fáìlì náà padà, nọ́ńbà náà lè yí padà pẹ̀lú. EPUB 3 fi àyè sílẹ̀ fún àkójọ tí ó ń sọ ibi tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ti ẹ̀dà títẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ ìwé àtijọ́ di EPUB fún ìlò ẹ̀ka ìmọ̀ lè fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé sínú XHTML bí ó ti ń fi ojú wé ẹ̀dà títẹ̀, kí ó sì to àwọn àmì náà sínú fáìlì ìtọ́nà lẹ́yìn ìyípadà. Ètò àtúnṣe EPUB tí ó wà nínú calibre tó fún iṣẹ́ yìí. Níbi tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, orí àti ìpínrọ̀ ni kí a tọ́ka sí fún ìtàn àròsọ, kí a sì tọ́ka sí ìlà fún ewì, bí olóòtú bá ti fi nọ́ńbà sí i.